Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìrìn Àjò Alùpùpù Láti Ògbómọ̀ṣọ́: Aṣọ Ààbò àti Gbígbé Èrò Sẹ́yìn

Àwọn ìdáhùn wọ̀nyí wà fún ẹni tó ní alùpùpù tirẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní agbègbè rẹ̀, tó sì fẹ́ máa fi jáde ìlú, yálà lọ sí Ìlọrin, Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn tàbí Ìgbẹ́tì, pẹ̀lú ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni ẹ̀yìn yìí ló gba ààyè jù níbẹ̀, ó sì nídìí. Gbogbo wa la ti gun ọ̀kadà láti Tákìé lọ sí Ọjà Igbó rí, a sì ti kọ́ àṣà ìjókòó kan níbẹ̀ tó lè má fa wàhálà nínú ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n tó léwu gidigidi nígbà tí eré bá di kìlómítà 80 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Owó mi kò tó ra gbogbo ohun ààbò lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Àṣíborí méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń ra àṣíborí gidi fún ara wọn, wọ́n á ra jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ra ìbọ̀wọ́, wọ́n á wá fi àṣíborí oníke kan tí okùn rẹ̀ ti já sílẹ̀ fún ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́ tí wọ́n bá gbé. Lójú tiwa, ìtò yẹn dorí kodò. Ẹni iwájú ń rí kòtò kí ó tó dé ibẹ̀, ó sì ní ọwọ́ alùpùpù tó dì mú. Ẹni ẹ̀yìn kì í rí i títí ìdí rẹ̀ yóò fi kúrò lórí ìjókòó.

Àkójọ ìwádìí tí àjọ Cochrane, tó máa ń ṣe àkójọ ìwádìí ìṣègùn, gbé jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé, nínú ìjàm̀bá alùpùpù, àṣíborí ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu ìfarapa orí kù ní nǹkan bí ìdá 69. Jákẹ́ẹ̀tì ń gba awọ ara sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀dà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ti àṣíborí. Lẹ́yìn àṣíborí méjèèjì, ẹ ra ìbọ̀wọ́, nítorí ọwọ́ ni ènìyàn máa ń nà sílẹ̀ nígbà tó bá ń ṣubú, kò sì sí bí a ṣe lè kọ́ ara pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ló tẹ̀ lé e, kí jákẹ́ẹ̀tì tó dé.

Báwo ni mo ṣe lè dá àṣíborí gidi mọ̀ lọ́jà?

Ẹ kọ́kọ́ yí i dojú dé, kí ẹ sì fi ìka tẹ inú rẹ̀ lábẹ́ aṣọ tó bò ó. Fóòmù líle ló yẹ kó wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, tó sì sábà máa ń nípọn tó sẹ̀ńtímítà méjì sí mẹ́ta. Fóòmù yìí ni àṣíborí gan-an. Nígbà tí orí bá gbá nǹkan, òun ni yóò rún mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí orí yóò fi rí àyè dúró dípò kí ó dúró gbàgà. Bí ẹ bá tẹ inú rẹ̀, tí ẹ kàn bá tìmùtìmù rírọ̀ àti ike lásán, fìlà ni wọ́n ń tà fún yín. Irú àwọn fìlà oníke bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílùú, torí kí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó má baà dá ènìyàn dúró ni wọ́n ṣe ń rà wọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àmì. Èyí tó bá òfin Yúróòpù mu máa ń ní lẹ́tà E àti nọ́ńbà kan nínú òbìrìkìtì, tí wọ́n rán mọ́ okùn àgbọ̀n. E1 dúró fún Jámánì, E3 fún Ítálì, E4 fún Netherlands. Nọ́ńbà gígùn kan máa ń tẹ̀ lé e, èyí tó bá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 06 ni ìlànà tuntun tí a ń pè ní ECE 22.06. Èyí tó bá òfin Amẹ́ríkà mu máa ń ní DOT lẹ́yìn. Ó rọrùn láti tẹ DOT sára ohunkóhun, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí lẹ́tà mẹ́ta yẹn nìkan tàn yín bí fóòmù kò bá sí nínú rẹ̀.

Bó ṣe bá orí mu ṣe pàtàkì bí àmì náà. Ẹ dé e, ẹ di okùn rẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti ti ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Bó bá ṣí kúrò lórí, ó tóbi jù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹ kó há díẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ tuntun. Èyí tó bo gbogbo ojú títí dé àgbọ̀n la gbà yín níyànjú fún ìrìn àjò, torí pé èyí tó ṣí níwájú kò dáàbò bo àgbọ̀n àti eyín rárá, kò sì lè dá kòkòrò àti òkúta wẹ́wẹ́ tí táyà tírélà ń ta sẹ́yìn dúró.

Ṣé mo lè ra àṣíborí òkirikà?

Rárá. Ẹ lè ra jákẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́ àti bàtà òkirikà, àwa náà máa ń rà wọ́n, àwọn tó dára gan-an sì máa ń bọ́ síni lọ́wọ́ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n fóòmù tó ti rún lẹ́ẹ̀kan kì í padà sípò, ojú kò sì lè rí i láti òde. Ẹ kò mọ̀ bóyá ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti fi gbá ilẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín: bí ẹ bá fi ṣubú, tí orí sì gbá nǹkan, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí mo fẹ́ gbé kò fẹ́ dé àṣíborí tí ẹlòmíràn ti dé. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Nígbà tí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú òfin àṣíborí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan ní orílẹ̀-èdè yìí dé igbá gbígbẹ, àwọn mìíràn dé ìkòkò, àwọn èrò kan sì kọ̀ jálẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé wọ́n ti fi oògùn sínú àṣíborí láti fi gba orí ẹni. Ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ fi í ṣe. Síbẹ̀, èèyàn tó kọ̀ láti ki orí rẹ̀ bọ inú ohun tó ń rùn fún òógùn ogún ènìyàn kò jẹ̀bi.

Ìrìn àjò yàtọ̀ sí ọ̀kadà ní ti pé ẹ mọ ẹni tí ẹ ń gbé. Bó bá jẹ́ ìyàwó, ọkọ, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ kan náà ni, ẹ ra tirẹ̀ fún un ní ìwọ̀n orí tirẹ̀, kí ó sì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àwọn èrò bá ń yí padà, fìlà pẹlẹbẹ òwú kan lábẹ́ àṣíborí, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ wá, yóò yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gèlè, irun dídì tó ga àti fìlà gọ̀bì kò lè wà lábẹ́ àṣíborí. Inú báàgì ni gèlè yóò wà títí ẹ ó fi dé òde.

Ooru Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Ta ló lè wọ jákẹ́ẹ̀tì nínú oòrùn oṣù Kẹta?

A gbà pé ó ṣòro. Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ dúdú nínú oòrùn yẹn lè mú kí orí fò lọ ènìyàn, ẹni tí orí ń fò lọ kò sì yẹ lórí alùpùpù. Ohun tó bá ilẹ̀ wa mu ni jákẹ́ẹ̀tì oníhò bí àwọ̀n, tí afẹ́fẹ́ ń gbà inú rẹ̀ kọjá, tí páàdì líle sì wà ní èjìká, ìgúnpá àti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá yọ páàdì náà wò, ẹ ó rí nọ́ńbà EN 1621-1 lára ti èjìká àti ìgúnpá, àti EN 1621-2 lára ti ẹ̀yìn. Ìpele kejì lágbára ju ìpele kìn-ín-ní lọ. Páàdì fóòmù rírọ̀ tí kò ní nọ́ńbà kankan kàn wà fún ẹwà ni.

Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ rà lè wọ jákẹ́ẹ̀tì jíǹsì tó nípọn lórí ẹ̀wù òwú, kí ó sì mọ̀ pé jíǹsì lásán kì í pẹ́ ya bí ó bá gbá ọ̀dà. Ó ṣì sàn ju apá lásán lọ. Ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín, kí ẹ sì gbéra ní ìdájí. Ẹni tó bá kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ yóò ti wà ní Ìlọrin kí oòrùn tó mú.

Òde ni a ń lọ. Ṣé a lè wọ aṣọ òde lórí alùpùpù?

Ẹ dì í sínú báàgì, kí ẹ pàrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Etí ìró, agbádá àti ìbòrùn máa ń wọ inú ṣéènì tàbí sípóòkù táyà ẹ̀yìn, bó bá sì wọ ibẹ̀, á fa ẹni tó wọ̀ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni iwájú tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ìró tún máa ń mú kí obìnrin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí a ó sọ nísàlẹ̀. Ṣòkòtò gígùn tó bo ojúgun ni ẹ wọ̀, torí sàlẹ́ńsà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní àpá sàlẹ́ńsà ní ojúgun ọ̀tún, láti ìgbà tí a ti ń gun ọ̀kadà lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Kí ló yẹ kí n kọ́ ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn kí a tó gbéra?

Ìbéèrè yìí ni à bá fẹ́ kí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ bi wá. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nílé, kì í ṣe létí títì, kì í sì í ṣe nígbà tí ẹ̀rọ ti ń ké.

Ẹ sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ gùn ún títí ẹ ó fi sọ pé ó yá. Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ jókòó, tí ẹ ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, tí ẹ ó sì tẹ bíréèkì ọwọ́. Ọwọ́ òsì ni yóò ti gùn ún lórí ọ̀pọ̀ alùpùpù wa, nítorí pé ọ̀tún ni sàlẹ́ńsà wà. Kí ó di èjìká yín mú, kí ó gbé ẹsẹ̀ kọjá, kí ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì lé ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Ẹsẹ̀ yẹn kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi dúró pátápátá, àní bí ẹ bá dúró níbi tí ọlọ́pàá wà tàbí kí màlúù kọjá. Àṣà ọ̀kadà ni kí èrò máa na ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Bí èrò ṣe ń dá ẹsẹ̀ nìyẹn.

Ẹsẹ̀ kan ní ọ̀tún, ẹsẹ̀ kan ní òsì, bí ẹni tó gun ẹṣin. Jíjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń fi gbogbo ìwọ̀n ara sí apá kan, kò jẹ́ kí èrò ní ohun tó lè fi itan dì mú, bí alùpùpù bá sì dúró lójijì, ẹ̀yìn ni yóò fi lélẹ̀. A mọ̀ pé àwọn ìyá wa kan kò ní gbà láti la ẹsẹ̀. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ bá wọn wá mọ́tò.

Ọwọ́ rẹ̀ yóò wà ní ìbàdí yín tàbí níbi irin tó wà lẹ́yìn ìjókòó. Kì í ṣe ẹ̀wù ni kí ó dì mú, kì í sì í ṣe èjìká, torí èyí ń ti apá tí ẹ fi ń darí. Nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́nà, kí ó wo orí èjìká yín tó wà ní apá ibi tí ẹ ń yí sí: bí ẹ bá ń yí sí ọ̀tún, èjìká ọ̀tún. Bó bá ń wo ibẹ̀, ara rẹ̀ yóò tẹ̀ níwọ̀nba fúnra rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù bà máa ń tẹ̀ sí òdìkejì, alùpùpù yóò sì fẹ́ jáde lọ sínú igbó. Ẹ jọ fi ìka ṣe àdéhùn: kí ó gbá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan fún “ẹ rọra”, lẹ́ẹ̀mejì fún “ẹ dúró”, torí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn. Kí ó má ṣe tẹ fóònù, kí ó má sì sùn. Bó bá ń tòògbé, àṣíborí rẹ̀ yóò máa kan tiyín lẹ́yìn. Ẹ dúró síbi tó bá dára.

Kí ló máa ń yí padà lára alùpùpù fúnra rẹ̀ bí ẹnì kejì bá wà lórí rẹ̀?

Fún Bajaj tàbí TVS tí a ń gùn níbí, tí púpọ̀ nínú wọn kò wúwo ju ọgọ́fà tàbí àádóje kìlógíráàmù lọ, ẹnì kejì tó wọn àádọ́rin ti fi ohun tó ju ìdajì ìwọ̀n alùpùpù kún un. Iwájú á fúyẹ́, ẹ̀yìn á lọ sílẹ̀, iná iwájú á máa tàn sójú àwọn tó ń bọ̀ dípò ojú ọ̀nà. Ẹ fi afẹ́fẹ́ kún táyà ẹ̀yìn bí ìwé ẹ̀rọ náà ṣe sọ fún èrò méjì. Bí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn bá ní ibi tí a ti lè mú un le, kí mẹkáníìkì gbé e sókè. Kí ó tún wo bí ṣéènì ṣe dẹ̀ tó nígbà tí ènìyàn méjì bá wà lórí rẹ̀.

Ní ti bíréèkì, ti ọwọ́, tó ń mú táyà iwájú, ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nígbà tí ẹ bá dá nìkan wà. Bí èrò bá wà lẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn tẹ ilẹ̀ dáadáa, nítorí náà bíréèkì ẹsẹ̀, tó ń mú táyà ẹ̀yìn, wúlò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ; méjèèjì la ń lò pọ̀, díẹ̀díẹ̀, kí orí èrò má baà gbá tiyín. Ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ẹ ń rìn tó mítà 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ọwọ́ tó kan bíréèkì rárá. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì ní láti pa di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú.

Ṣé mo lè gbé ọmọdé? Ṣé mo lè gbé èèyàn méjì?

Èèyàn kan péré ni òfin gbà. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá kan ibi ìgbẹ́sẹ̀lé kò tíì tó gun alùpùpù lọ sí ìlú mìíràn, yálà ó wà láàárín ẹ̀yin àti ìyá rẹ̀ ni, tàbí orí táǹkì, tàbí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nínú ọ̀já. Àṣíborí kan kò sì sí fún ọmọ ọwọ́ tí a lè fi ọkàn tán. Kí aláboyún wọ mọ́tò.

Ẹrù ńkọ́?

Ohun tó wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń wà, kí ó sì súnmọ́ àárín, ní ọ̀tún àti òsì lọ́gbọọgba. Kí èrò má ṣe gbé ẹrù lórí tàbí lórí itan, torí ó nílò ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Báàgì ẹ̀yìn kékeré kò burú bí kò bá fà á sẹ́yìn. Okùn rọ́bà tí a fi dì í, ẹ rí i pé etí rẹ̀ kò rọ̀ súnmọ́ sípóòkù. Ní àkókò máńgòrò, ẹ máa rántí pé àpò máńgòrò kan wúwo tó ọmọ ènìyàn.

Ọ̀nà wo ló dára kí a kọ́kọ́ gbà?

Ìlọrin ni a máa ń dábàá fún ìrìn àkọ́kọ́, torí pé ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 50, ó sì jẹ́ ọ̀nà oníbejì, tí àlọ àti àbọ̀ yà sọ́tọ̀. Ewu ibẹ̀ ni àwọn tó ń bọ̀ lódì, àti tírélà tó ń ti Òkè Ọya bọ̀ lọ sí Èkó. Bí tírélà bá kọjá lára yín, afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tì yín, yóò sì tún fà yín; ẹ di ọwọ́ alùpùpù mú láìgan apá, kí èrò sì súnmọ́ yín.

Apá Ọ̀yọ́ la kì í fẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé èrò kọ́kọ́ gbà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ oníbejì ibẹ̀ fi falẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ sì tóóró, àwọn tírélà yìí kan náà ló sì ń gbà á. Ẹni tó ń lọ sí Ìsẹ́yìn lè gba ọ̀nà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ tààrà, tó gùn tó kìlómítà 76, láì kan Ọ̀yọ́ rárá. Láti Ìsẹ́yìn, Adó-Àwáyè kò jìnnà, níbi tí adágún Ìyákẹ̀ wà lórí òkè; ẹ rántí pé bàtà líle tí ẹ fi gun alùpùpù kò rọrùn láti fi gun àtẹ̀gùn òkè náà, kí ẹ mú bàtà mìíràn. Ìgbẹ́tì náà dùn ún lọ nítorí àwọn òkè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kún táǹkì yín kí ẹ tó kúrò nílé.

Òjò àti ọyẹ́ ńkọ́?

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ òjò ló ń yọ̀ jù, nígbà tí omi bá da epo àti eruku pọ̀ lójú ọ̀dà. Ẹ dúró kí ó kọjá. Omi tó dúró lójú ọ̀nà lè bo kòtò tó gbé táyà mì. Ẹ má gbà á bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n. Rénkóòtù oníṣòkòtò ni ẹ rà, kì í ṣe èyí tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ní ti ọyẹ́, ìdájí oṣù Kejìlá ń tutù débi pé ìka lè má tètè tẹ bíréèkì, èéfín igbó tí wọ́n dáná sun sì máa ń bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ lójijì. Ẹ tan iná, kí ẹ rọra.

Wákàtí mélòó ni a lè fi rìn lójúmọ́?

Ìgbà tí ó bá rẹ èrò ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n, kì í ṣe ìgbà tí ó bá rẹ̀ yín. Ẹ̀yin ní ohun tí ẹ ń ṣe; òun kàn jókòó sójú kan ni, ìjókòó ẹ̀yìn sì le. Ẹ dúró ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ rìn. Kúnlé Adéyánjú tó gun alùpùpù láti London dé Èkó ní ọdún 2022 fi ọjọ́ 41 ṣe é, ìyẹn sì jẹ́ èèyàn kan ṣoṣo lórí ẹ̀rọ tó tóbi. Kò sí ìdí tí ẹni tó gbé ìyàwó rẹ̀ sórí Bajaj yóò fi máa sáré dé Ìbàdàn láìdúró. Ẹ má sì mu páráàgà níbi ìdúró kankan.

Ìwé wo ló yẹ kó wà lọ́wọ́, kí sì ni ṣíṣe bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀?

Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tó ní ìpele A ni ti alùpùpù. Ti mọ́tò nìkan kò tó. Ẹ mú ìwé ẹ̀rọ náà dání, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ará ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú bébà kan nínú àpò, nítorí fóònù tó wà ní títì pa kò lè sọ orúkọ olówó rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣubú tàbí tí ẹ bá bá ẹni tó ṣubú, ẹ pe 122 ti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tàbí 112. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti Bowen àti ti LAUTECH. Kí ẹnikẹ́ni má fa ẹni tó ṣubú dìde, kí wọ́n má sì gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà mìíràn, bí a ti sábà máa ń rí i. Ẹ fi àṣíborí sílẹ̀ lórí rẹ̀ bó bá ń mí dáadáa. Ẹ ṣí gílásì iwájú rẹ̀ nìkan, kí ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀. Bí kò bá lè mí, tó sì di dandan láti bọ́ ọ, èèyàn méjì ló ń bọ́ ọ: ọ̀kan á ti ìsàlẹ̀ di ọrùn àti àgbọ̀n mú kí wọ́n má yẹ̀, èkejì á tú okùn, á fẹ ẹ̀gbẹ́ àṣíborí náà síta díẹ̀, á sì rọra fà á kúrò ní tààrà.